Ẹ̀rọ Tí Yóò Ya Ìyá Àgbà Torí-tẹsẹ̀

Pobẹ̀, ọjọ́ kejì ọjà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ilé tuntun gbà ọ́? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu mọ̀ pé ọmọ èèyàn pàtàkì ló dé bá wọn? Ara wa le níbí. Bàbá rẹ ṣì ń wa ọkọ̀ òkúta ní Onígbòlò, eruku funfun ló sì ń gbé wọlé lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun. Èmi náà ṣì ń bá a jà nítorí àga mi. Bí o bá rí i pé mo mú bíírò dípò kí n pè ọ́, má jáyà, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ tí o bi mí ló pọ̀ ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ. Bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe lo máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Nínú lẹ́tà, wà á dákẹ́ ni.

Mo ti rí ẹ̀rọ fọ́tò mẹ́ta tí o ní kí n wò. O ní o fẹ́ padà sí fọ́tò oní-pẹlikúlù, irú èyí tí à ń ká sínú ẹ̀rọ, tí à ń fọ̀ kí àwòrán tó jáde, bí èyí tí o bá mi ṣe ní kékeré nígbà tí o máa ń di ìró mi mú nínú yàrá dúdú nítorí ẹ̀rù. O ní owó ọwọ́ rẹ kò pọ̀, kí n bá ọ mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé Ìyá àgbà ní Takọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí o fẹ́ yà nígbà tí o bá wá sílé fún ìsinmi. Àbẹ̀kẹ́, bí mo ti ka ibẹ̀ yẹn tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bu omi mu.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá mi kò ní fọ́tò kan tó ṣe é gbé kọ́ sára ògiri. Èyí tí o fi fóònù yà nígbà Àjíǹde bá fóònù náà lọ sínú kànga. Èmi tí wọ́n ń pè ní Màmá Fọ́tò láti Pobẹ̀ dé Ìta-Jẹ̀bú, tí mo ya ọmọ ọlọ́mọ àti ìyá oníyàá, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyá ti darúgbó. Ẹ̀rọ tí o bá rà yìí ni yóò yà á, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé a óò tún rí àyè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Kò sí àṣìṣe tí mi ò tíì ṣe nídìí ẹ̀rọ fọ́tò. Màá kà wọ́n fún ọ, kí ìwọ lè lọ wá tìrẹ tó yàtọ̀ ṣe.

Èkíní: má fi dídán ra ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́ ní Sakẹ́tẹ́, ọ̀gá mi sọ fún mi pé kí n lọ wá ẹ̀rọ tó jọ tòun. Ọkùnrin kúkurú kan ni ọ̀gá mi, kì í rẹ́rìn-ín àfi bí fọ́tò bá jáde dáadáa, ẹ̀rọ tirẹ̀ sì ti họ débi pé irin ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà dúdú. Mo ní, "Ó dáa, ọ̀gá." Mo dé Àjàṣẹ́, mo rí ọ̀kan tó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Mo gbàgbé ọ̀gá, mo gbàgbé ìkìlọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ọ̀gá ní kí n lọ rà, aṣọ ni mo rà bọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kò lè mí láìsí pílì, bátìrì kékeré yẹn, nínú rẹ̀. Bí pílì bá ti kú, o lè tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la, kò ní ṣí. Ibi tó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ń gba oúnjẹ Olúwa àkọ́kọ́ ní Ìta-Jẹ̀bú. Àwọn ọmọ tò lọ rẹrẹ nínú aṣọ funfun, àwọn ìyá wọn dúró lẹ́yìn, èmi sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ti kú. Kí ni mo ṣe? Ojú kò jẹ́ kí n sọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹlòmíràn!" Mo ya gbogbo ọmọ ìjọ tán láìya ẹnì kankan. Nígbà tí mo padà lọ jẹ́wọ́, ìyá kan lé mi dé ibi tí àwọn zẹ́mì ọlọ́kadà ń dúró sí. Oní-zẹ́mì tó gbé mi sá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀rín tí òun rín ti tó òun.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹ̀rọ tí yóò ṣí, tí yóò sì padé láìsí pílì ni kí o rà. Bí pílì bá wà nínú rẹ̀ láti máa wọn ìmọ́lẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ pé pílì ló ń fún un ní èémí. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí pẹlikúlù yóò sọ fún ọ bí a ti í ṣe é nínú oòrùn àti lábẹ́ òjìji. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi jẹun nìyẹn kí n tó ní owó ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Èyí já sí pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta rẹ, èyí tó funfun tí o kọ "ó rẹwà àbí?" sí lábẹ́, ti kúrò lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹwà. Tèmi náà rẹwà.

Èkejì: lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ, kí o sì fi etí sí i. Fọ́tò ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi máa ń yí bọ́tìnì orí ẹ̀rọ sí ibi tí wọ́n kọ ení sí, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbé e sí etí bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí ẹ̀rọ bá padé kí ó tó wí i tán, ó ń sáré jù. Bí ó bá wí i tán tí ẹ̀rọ ṣì ń rò ó, òróró ti gan nínú rẹ̀. Èyí tó bá bá a parí ló ń rà. Àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ rò pé ó ń kí ẹ̀rọ ni, wọ́n sì máa ń dá a lóhùn. Ìwọ náà kí i. Bí onítọ̀hún bá wò ọ́ bí wèrè, bá a rẹ́rìn-ín, kí o tún un kí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wà á rí fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ létí ìlẹ̀kùn rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Bí ó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje, ó ti gbó. Má torí ìyẹn fi í sílẹ̀ o. Òwú dúdú àti gọ́ọ̀mù ni mo fi ń tún un ṣe lórí àga ìdáná, ìwọ náà á sì lè ṣe é. Ìwọ ṣáà fi bá wọn dúnàá-dúrà.

Ẹ̀kẹta dùn mí díẹ̀. O lè máa rò ó nínú ọkàn rẹ pé kí ló dé tí ìyá mi kò gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ fún mi kí gbogbo wa sinmi. Kì í ṣe pé mo láhun. Nígbà tí fóònù dé, tí àwọn oníbàárà fọ́n ká, inú bí mi sí ẹ̀rọ mi bí ẹni pé òun ló lé wọn. Mo dì í sínú àpò awọ rẹ̀, mo tì í sínú àpótí láàárín àwọn ìró, mo sì pa á tì. Ìgbà tí mo máa ṣí i, ohun funfun kan ti hù káàkiri inú dígí ojú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ló ṣe é, àti ìbínú mi. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé òun ló bọ́ yín! Mo jókòó sórí àpótí yẹn, mo sunkún díẹ̀, bàbá rẹ sì ní ṣé ẹ̀rọ ni mò ń sunkún fún tí mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ṣubú lórí ọ̀kadà.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, tan iná fóònù rẹ gba inú dígí náà kọjá, kí o wò ó láti òdìkejì. Eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí o bá rí òwú aláǹtakùn, dúpẹ́, kí o máa bá tìrẹ lọ. Bí o bá ti ra tìrẹ, má ṣe tọ́jú rẹ̀ jù. Gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí o sì máa lò ó.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí o má kó gbogbo owó lé ẹ̀rọ lórí. Fi owó pẹlikúlù méjì àti owó fífọ̀ sílẹ̀ kí o tó jáde nílé. Pẹlikúlù kìíní, ìgboro Kútọnu ni kí o yà á sí: ògiri, ajá, ẹsẹ̀ ara rẹ, ohunkóhun. Fọ̀ ọ́, kí o wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé níbì kan. Ìkejì ni kí o gbé wá sílé. Èmi kò ní jókòó ti ìyá mi ní Takọn kí ẹ̀rọ tí a kò tíì dán wò wá yà á. Mo ti gbọ́n ju ìyẹn lọ báyìí.

Wàyí o, èyí tó ṣe pàtàkì jù. Jọ̀wọ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ kẹta tí o fi ránṣẹ́, èyí dúdú tó ti họ, ohun gidi ni. Bí ọ̀gá mi bá wà láàyè, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú dígí gígùn bí imú tí wọ́n dè mọ́ ọn níwájú, mo sì rí ohun tí onítajà náà kọ, pé ojú gígùn yìí ló ń mú ojú ènìyàn dára jù. Òótọ́ ló sọ, ó ń mú ojú dára. Òun náà ni mo fi ya bàbá mi.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ tèmi ní Pobẹ̀ nígbà náà, mo ti ra ẹ̀rọ gidi, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ju ọ̀gá mi lọ. Ọ̀gá kọ́ wa pé bí a bá fẹ́ ya àgbà, kí ó jókòó gbọnrangandan, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, kí etí méjèèjì hàn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ilẹ̀ díẹ̀ sì kù lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "A kì í gé àgbà sí méjì." Mo ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo ti lọ ra ojú gígùn fún ẹ̀rọ mi. Ní ọjọ́ kan mo gbé e lọ sí Takọn. Bàbá wọ agbádá, ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ìloro, níbi tó ti ń gba àlejò. Mo wo inú ẹ̀rọ, ojú nìkan ni mo rí. Mo ń fà sẹ́yìn, mo ń fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri ẹbu epo. Kò tún sí ibi tí mo lè lọ mọ́. Orúnkún ló parí sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká gbé àga bọ́ sí àgbàlá, ó ní òun kì í ṣe àlejò nílé ara òun. Mo ní kò burú, mo tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò náà dára, Àbẹ̀kẹ́. O lè ka irun àgbọ̀n rẹ̀. Mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún un tìdùnnú-tìdùnnú. Bàbá gbà á, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Kútọnu báyìí."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń rìn láti Takọn dé Sakẹ́tẹ́ wá wò ọ́ nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́. Ìwọ lo wá gé e?"

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ó fi fọ́tò náà sábẹ́ ibùsùn, ó ní òun ń retí èyí tó pé. Mo ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, màá padà wá. Iṣẹ́ kò dẹwọ́. Ìgbéyàwó lónìí, ìsọmọlórúkọ lọ́la, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ fún gbogbo ìlú. Àgbàdo ọdún yẹn ṣì ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá pè mí pé bàbá ti lọ. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, fọ́tò abẹ́ ibùsùn yẹn ni wọ́n gbé jáde, kò sí òmíràn. Ìyá àgbà wò ó, ó wọlé, ó mú aṣọ òfì kékeré kan jáde, ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ férémù náà, kí àlejò má baà rí i pé orúnkún ló parí sí. Aṣọ yẹn tí o máa ń rí lábẹ́ fọ́tò bàbá àgbà, tí o rò pé ọ̀ṣọ́ ni, òun nìyẹn. Mi ò sọ fún ọ rí nítorí ojú ń tì mí.

Ohun tí màá sọ kò ju èyí lọ. Sọ fún onítajà kí ó yọ ojú gígùn yẹn kúrò, kí ó fún ọ ní ojú kúkurú, èyí tí wọ́n kọ àádọ́ta sí lára. Bí ó bá ní èyí tí wọ́n kọ márùndínlógójì sí, ìyẹn náà dára. Òun gan-an ni owó rẹ̀ kéré, nítorí ojú gígùn ni gbogbo ayé ń lé. Mo ti lọ wọn ìloro ní Takọn fún ọ. Láti àga Ìyá dé ògiri ẹbu, ìgbésẹ̀ mi mẹ́fà ni. Mú ọ̀rẹ́ rẹ kan dání lọ sí ìsọ̀ náà, fi í jókòó sórí àga, rin ìgbésẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, kí o wo inú ẹ̀rọ. Bí o bá rí etí rẹ̀ méjèèjì, bàtà rẹ̀ méjèèjì, àti ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ bàtà, sanwó. Bí o kò bá rí i, kódà bí wọ́n bá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, fi sílẹ̀. Àti ẹ̀rọ kejì, èyí kékeré aláwọ̀ ewé tó ṣe é kì sápò, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ń fà sí i. Yóò gba Ìyá torí-tẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ló kún inú rẹ̀, ọjọ́ tó bá kú, kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó lè jí i.

Nígbà tí o bá dé Takọn, má ní kí Ìyá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe fóònù. Jẹ́ kí ó jókòó bó ti wù ú, dúró títí yóò fi gbàgbé pé o wà níbẹ̀, yà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò sì ní dá sí i. Má rẹ́rìn-ín. Mo lè ṣe é.

Mo lọ sọ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó ń ya èkùrọ́ sọ́tọ̀. Mo ní Àbẹ̀kẹ́ ń bọ̀ wá yà yín o, torí-tẹsẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mi è fẹ́ aṣọ lábẹ́ tèmi o."

Mo ní kò ní sí aṣọ. Ó wá bi mí bóyá òun máa rí i lójú ẹsẹ̀ bí ti fóònù. Mo ṣàlàyé fún un pé irú èyí kì í yá, pé wọ́n á gbé e lọ sí Kútọnu, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó lè tó oṣù kan kí ó tó padà dé Takọn. Mo rò pé ìyẹn á bí i nínú. Mo fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́.

Ó da èkùrọ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Oṣù kan? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mi è ti ní ohun kan tí mò ń dúró dè."

Máa bọ̀, ọmọ mi.

Èmi ìyá rẹ ni.